Ìwé chess wo ló yẹ ká rà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ? Ohun tó yẹ kí òbí wò kó tó sanwó

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí Tunde Onakoya, ọmọ wa tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní Èkó, ti jókòó ta chess fún 60 wákàtí ní Times Square, ìlú New York, àwọn ọmọ ti ń dààmú òbí pé àwọn náà fẹ́ kọ́ ọ. Òbí á ní kò burú, á lọ sọ́jà, á rí ìwé chess méjì mẹ́ta lórí àtẹ, á mú èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú àjò tí a wà yìí, Kano o, Jos o, Makurdi o, Port Harcourt o, kì í ṣe gbogbo àdúgbò ló ní olùkọ́ chess. Ilé ìwé mìíràn ní ẹgbẹ́ chess, ọ̀pọ̀ kò ní. Nítorí náà, ìwé yẹn gan-an ni olùkọ́ ọmọ, òbí tó jókòó tì í sì ni igbákejì olùkọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ni kò mọ chess. Dráàfù la mọ̀, lúdò la mọ̀, ayò ọlọ́pọ́n la bá nílé.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìwé tó dára jù fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwé tí òbí tí kò mọ chess lè jókòó kà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kó sì yé àwọn méjèèjì. Bí kò bá yé òbí, ọmọ á dá a gbìyànjú fún ọjọ́ mẹ́ta, á ní chess le, ìwé á sì di ohun tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣàn ró.

Kí ló dé tí chess fi nílò ìwé?

Kò sẹ́ni tó ra ìwé kó tó mọ ayò ọlọ́pọ́n. Ihò 12 ló wà níbẹ̀, ọmọ ayò 48, gbogbo ọmọ ayò sì rí bákan náà. Ọmọdé á dúró ti àwọn àgbà, á wò wọ́n, á sì mọ̀ ọ́n ta.

Chess yàtọ̀. Pátákó rẹ̀ ní ojú ilé 64, ìdajì mọ́lẹ̀, ìdajì ṣókùnkùn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ayò 16: ọba kan, ayaba kan, rook méjì, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì àti pawn mẹ́jọ. Oríṣi mẹ́fà ni wọ́n, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń rìn. Rook ń lọ gbọọrọ, bíṣọ́ọ̀bù ń lọ ní ìdábùú, ẹṣin ń fò. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ń lọ ni checkmate: kí ọba ẹnì kejì wà nínú ewu, kó má sì sí ọ̀nà kankan tó lè gbà bọ́. Ẹni tó kàn dúró tì wọ́n lásán kò lè mọ gbogbo èyí. Ó nílò ẹni tó máa ṣàlàyé, bí kò bá sì sí èèyàn, ìwé ni.

Ohun mẹ́fà tó yẹ kí ẹ wò

Àwa tí à ń tajà mọ̀ pé ọjà tí èèyàn kò bá tú wò lórí àtẹ, ilé ló ti máa rí àbùkù rẹ̀. Ẹ má ṣe tijú láti ṣí ìwé kí ẹ tó sanwó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún ohun mẹ́fà yìí.

Àkọ́kọ́, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ìrìn ọmọ ayò sílẹ̀. Ní ayé òde òní, ìlà tó lọ sókè ní orúkọ láti a dé h, ìlà tó lọ ní ìbú ní nọ́ńbà láti 1 dé 8. Ojú ilé kọ̀ọ̀kan wá ní àdírẹ́sì tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ní orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé. Bí ẹ bá rí e4, pawn ló lọ sí ojú ilé e4. Bí ẹ bá rí Nf3, ẹṣin ló lọ sí f3. N ni wọ́n fi ń dúró fún ẹṣin torí pé ọba ti gba K. Àmọ́ bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ P-K4 tàbí P-Q4, àkọsílẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Láti ọdún 1981 ni FIDE, àjọ tó ń ṣàkóso chess lágbàáyé, kò ti tẹ́wọ́ gbà á mọ́. Ìwé tòkunbọ̀ tó ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ kì í sì í wọ́n. Ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá fi èyí bẹ̀rẹ̀ kò ní lè ka ohun tí wọ́n ń kọ níbi ìdíje tàbí lórí fóònù, àfi kó tún ẹ̀kọ́ kọ́.

Ìkejì, ẹ ka iye àwòrán pátákó. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan yẹ kó ní ó kéré tán àwòrán kan tàbí méjì, kí ọ̀rọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ojú ewé márùn-ún tẹ̀ léra wọn, tó jẹ́ kìkì lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ rí, ìwé àwọn tó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Ìkẹta, ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ fi ń kọ́ni. Ìwé ọmọdé gidi á mú ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi bó ṣe ń rìn hàn, lẹ́yìn ìyẹn ló máa kan bí a ṣe ń dẹ́rù ba ọba, lẹ́yìn náà checkmate. Bí orí kejì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ Sicilian Defence àti Ruy Lopez, kò tíì tó àkókò rẹ̀ fún ọmọ yín. Àwọn yẹn jẹ́ orúkọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ń gbà bẹ̀rẹ̀ ayò. Ọmọ tí kò tíì mọ bó ṣe máa parí ayò kò tíì ní ìlò fún un.

Ìkẹrin, ẹ wò ó bóyá òfin pé. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni kí ẹ wá nínú ìwé náà: castling, en passant, promotion àti stalemate. Castling ni ìgbà tí ọba sún lẹ́ẹ̀mejì sọ́dọ̀ rook, tí rook sì fò ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. En passant ni ọ̀nà pàtàkì kan tí pawn fi ń pa pawn tó fẹ́ fi ìṣísẹ̀ méjì sá kọjá lára rẹ̀. Promotion ni pé pawn tó bá dé òpin pátákó á di ayaba tàbí òmíràn tí ẹni tó ni ín bá fẹ́, yàtọ̀ sí ọba. Stalemate ni pé ọba ẹni tó kàn láti ta kò sí nínú ewu, àmọ́ ẹni náà kò ní ibi kankan tó lè rìn sí. Ọ̀mì nìyẹn, kò sẹ́ni tó jẹ. Ìwé tí kò bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ìjà ló máa dá sílẹ̀ láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ìkarùn-ún, ẹ wò ó bóyá ìbéèrè wà níbẹ̀, kí ìdáhùn sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ chess, kí lẹ máa fi mọ̀ pé ọmọ gbà á? Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé ni. Ìbéèrè tó dára jù fún ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ní kó ṣe checkmate ní ìrìn kan péré. Ó yá, ó ṣe kedere, ọmọ á sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé òun lè ṣe é.

Ìkẹfà, ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ìwé tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe pọ̀ níta. Nínú ìwé ìtàn, fọ́tòkọ́pì lè má pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé chess, bí ìtẹ̀wé bá ti dúdú jù, ọmọ ayò dúdú tó wà lórí ojú ilé dúdú kò ní hàn mọ́, ìbéèrè náà á sì di èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè dáhùn. Ẹ wo àwòrán mẹ́ta láàárín ìwé, kì í ṣe iwájú nìkan.

Lẹ́yìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó ka ojú ewé kan sókè. Gbogbo ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó bá le fún un, kó ká ìka kan. Bí ìka ọwọ́ kan bá ká tán kí ojú ewé náà tó parí, ìwé náà ṣì ga jù ú lọ, àfi bí ẹ bá ṣe tán láti máa kà á fún un.

Àwọn ìwé tí a lè dárúkọ

Ìwé chess pọ̀ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Díẹ̀ la máa mẹ́nu bà, àwọn tí orúkọ wọn ti tàn, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Chess for Children, tí Murray Chandler àti Helen Milligan kọ, jáde ní ọdún 2004. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ George ló wà nínú rẹ̀, Kirsty, ọ̀nì tó ń sìn nílé, ló sì ń kọ́ ọ ní chess. Láti orí bí a ṣe ń to pátákó ló ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án tí òbí rẹ̀ kò mọ nǹkan kan, ibí ni a máa ní kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Bobby Fischer Teaches Chess jáde ní ọdún 1966, kí Fischer ará Amẹ́ríkà tó gba ipò aṣíwájú àgbáyé ní 1972. Òun àti àwọn méjì kan ni wọ́n jọ ṣe é. Ìbéèrè ló kún inú rẹ̀: ẹ ó dáhùn, ẹ ó ṣí i sí ojú ewé tó kàn, ìdáhùn á wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká kìlọ̀ ohun kan: ẹ máa rí i pé ojú ewé kan dorí kodò, èkejì kò dorí kodò. Ìtẹ̀wé kò bàjẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó yí ìwé náà po, ẹ ó sì máa ka ìyókù padà bọ̀. Checkmate ló gbájú mọ́ jù, kò kọ́ni ní gbogbo nǹkan. Ó dára fún ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án sókè.

How to Beat Your Dad at Chess, tí Murray Chandler kan náà kọ ní 1998, kì í ṣe ìwé àkọ́kọ́, ìwé kejì ni. Oríṣi checkmate 50 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán tirẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ bí ọmọ ayò ṣe ń rìn ló wà fún. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí orúkọ rẹ̀. Ní ti bàbá tí kò mọ chess rí, wọ́n ti lù ú kó tó jókòó.

Ìwé ńlá kan tún wà tí László Polgár, olùkọ́ ará Hungary, ṣe ní 1994: Chess: 5334 Problems, Combinations and Games. Òun ni bàbá Susan, Sofia àti Judit, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó kọ́ ní chess láti kékeré. Judit di grandmaster ní 1991 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15. Ìwé náà ju ẹgbẹ̀rún ojú ewé lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀rọ̀ nínú, àwòrán ni. Ìbéèrè 306 àkọ́kọ́ jẹ́ checkmate ní ìrìn kan, 3,412 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ní ìrìn méjì. Kò ní kọ́ ọmọ ní òfin, àmọ́ ọmọ tó bá ti mọ òfin lè fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ ẹ́. Irú èyí ló yẹ kí ẹgbẹ́ rà, kì í ṣe ẹnì kan.

Chess Fundamentals, tí Capablanca ará Cuba kọ ní 1921, ọdún tó di aṣíwájú àgbáyé, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn sì máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde fi tà. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn ní àkọsílẹ̀ P-K4 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í ṣe ọmọdé ló wà fún. Ọ̀fẹ́ lè wọ́n, bí ó bá jẹ́ pé òun ló máa lé ọmọ kúrò nídìí chess.

Ìwé ìtàn yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀kọ́

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má baà ra ìwé ìtàn ní èrò pé ìwé ẹ̀kọ́ ni. The Queen of Katwe, tí Tim Crothers kọ, sọ ìtàn Phiona Mutesi, ọmọbìnrin Uganda kan tó kọ́ chess ní àdúgbò àwọn tálákà. Wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 2016, David Oyelowo tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ló ṣe olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé mìíràn ni ti Tanitólúwa Adéwùmí, ọmọ Yorùbá tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ sá kúrò ní Nàìjíríà nítorí Boko Haram. Ilé àwọn tí kò nílé ni wọ́n ń gbé ní New York nígbà tó gba ife ẹ̀yẹ àwọn ọmọ ìpele rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà ní 2019, ọmọ ọdún mẹ́jọ péré. Àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn kó ẹrù lóru, ìtàn yẹn á wọ̀ wá lára. Ó dára kí ọmọ kà á. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá kà á tán, kò tíì mọ bí ẹṣin ṣe ń fò. Bí owó ìwé kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́, ẹ ra ìwé ẹ̀kọ́ ná.

Bí ẹ ṣe máa kà á nílé

Ìwé láìsí pátákó, asán ni. Ẹ fi pátákó sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, kí ọmọ máa to gbogbo ohun tó bá rí nínú àwòrán. Bí ẹ bá ń to ayò, ojú ilé tó mọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ayaba sì gbọ́dọ̀ dúró lórí àwọ̀ ara rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kò nílò ìwé rárá. Ẹ to pawn mẹ́jọ mẹ́jọ nìkan sórí pátákó, ẹni tí pawn rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Tó bá mọ ìyẹn, ẹ fi ọba kún un, lẹ́yìn náà rook. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ìwé á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, ìdajì wákàtí ti tó lójúmọ́. Ìbéèrè mẹ́fà lónìí, mẹ́fà lọ́la. Ẹ pa ìwé dé nígbà tí ọmọ ṣì ń fẹ́ sí i.

Fóònù náà wúlò. Lichess wà lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní ìpolówó, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kò nílò iná, kò sì nílò dátà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos àti Kaduna mọ ohun tó ń jẹ́ kónílé-ó-gbélé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ kò lè jáde, pátákó kan àti ìwé kan á gba ilé lọ́wọ́ ariwo, á sì gba ọkàn ọmọ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù.

Èdè wo lẹ máa fi kọ́ ọ?

Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ gbogbo ìwé tí a dárúkọ. Ìyẹn kò sọ pé Òyìnbó lẹ gbọ́dọ̀ máa sọ nídìí pátákó. Ẹ ka ìlà kan, kí ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ wa ń sọ Hausa tàbí Pidgin níta, ó ń sọ Òyìnbó nílé ìwé. Ìwọ̀nba àsìkò tó wà lọ́dọ̀ wa nìkan ni Yorùbá ní. Chess ń fún wa ní ohun gidi láti sọ. “Kí ló dé tí o fi gbé e síbẹ̀?” “Kí ni èmi náà fẹ́ ṣe sí ọ báyìí?” Ọmọ tó bá ń dáhùn èyí ní Yorùbá lójoojúmọ́ ti kọjá ẹni tó kàn ń kí ìyá rẹ̀ ẹ káàárọ̀.

Ònkà náà ń bẹ níbẹ̀. Ojú ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọmọ ayò méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé á sọ pé pawn jẹ́ máàkì kan, ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta mẹ́ta, rook márùn-ún, ayaba mẹ́sàn-án. Ẹ ní kí ọmọ ṣírò ohun tó pa àti ohun tí wọ́n pa mọ́ ọn lọ́wọ́, ní Yorùbá. Ìṣirò ọjà ni, kò sí oníṣòwò tí kò lè kọ́ ọmọ ní ìyẹn.

Ibi tí ẹ ti lè rí i, àti ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Bí ẹ kò bá rí ìwé tó dára ní ìlú tí ẹ wà, ẹ rán ẹni tó ń lọ sí Èkó. Àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ ní Yaba àti Ojúẹlẹ́gbà máa ń ní oríṣiríṣi. Kí ẹni tó lọ ya àwòrán ojú ewé mẹ́ta láàárín ìwé náà, kó fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, kí ẹ fi ohun mẹ́fà òkè yìí yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè fi í sínú mọ́tò ní gáréèjì.

Kò pọn dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan ra tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé lóṣooṣù lè ra ìwé méjì, ọ̀kan fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún àwọn tó ti mọ òfin, pẹ̀lú pátákó mẹ́rin. Kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹni tó yá a sílẹ̀, kí ìwé sì padà ní ìpàdé tó kàn. Lọ́jọ́ ìpàdé, nígbà tí àwọn àgbà bá ń jíròrò, àwọn ọmọ náà á ní pátákó tiwọn. Kí ẹ wá ẹnì kan láàárín ẹgbẹ́ tó mọ dráàfù ta dáadáa, kí ẹ fi ìwé àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ó bá yé òun, ó lè kọ́ àwọn ọmọ. Bí kò bá yé e, ẹ dá ìwé náà padà, kí ẹ wá òmíràn.